Luke ni mo san owó rẹ̀, Corran Horn ni mo bá nínú ìwé

Ọmọ_Tanke

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Ẹjọ́ ni mo gbé wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Post Office n'Ílọrin, mo bá àwọn tó ń pàtẹ ìwé tòkunbọ̀ pàdé. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ Star Wars, orúkọ fíìmù ogun ojú ọ̀run yẹn, gàdàgbà sí lára, ọkọ̀ ogun ojú òfurufú alápá mẹ́rin ló wà lára èèpo rẹ̀, irú èyí tí Luke, akọni fíìmù náà, máa ń wà. ₦1,500 ni Ààfáà pè é. A ná an títí, ó gba ₦1,000.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń wá Luke. Mo ṣí ewé, mo ṣí ewé, Luke ò yọjú. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Corran Horn, tí n kò gbúròó rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń wo fíìmù yìí. X-Wing: Rogue Squadron lorúkọ ìwé náà, Michael Stackpole ló kọ ọ́, 1996 ló jáde. Wedge Antilles tó jẹ́ ọ̀gá wọn nìkan ni mo rí dá mọ̀. Òun náà ńkọ́? Nínú fíìmù, ẹni tó máa ń fò kọjá lẹ́yìn Luke ni.

Ohun tí mò ń béèrè kò le. Bí èèyàn bá ra ìwé tí wọ́n kọ lábẹ́ orúkọ fíìmù, ṣé kì í ṣe àwọn tí a mọ̀ nínú fíìmù ló yẹ ká bá níbẹ̀? Ẹni tó lọ mú ìyàwó nílé àna, tí wọ́n wá fa àbúrò ìyàwó lé e lọ́wọ́, ṣé kò ní bínú? N kò sọ pé ìwé náà ò dáa o. N kò tíì kà á dé ìdajì. Inú ló ń bí mi.

Ẹṣin_Leégún

Àbúrò ìyàwó míì sàn ju ìyàwó lọ. Mo ti gbé àga mi síbí, ẹ máa bá a lọ.

Ìjàkadì_Ọ̀fà

Àbúrò mi Ọmọ Tanke, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Nínú ìwé tí Luke bá ti jẹ́ olórí, tí ọ̀tá yọ ìbọn sí i, ṣé àyà rẹ já? Kò lè já. O mọ̀ pé fíìmù míì ń bọ̀, o mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò lè kú, kò lè ya wèrè, kò lè gbéyàwó láìjẹ́ pé àwọn tó ni fíìmù bá fọwọ́ sí i.

Òǹkọ̀wé irú ìwé bẹ́ẹ̀, ayálégbé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé ojú-kojú rí mọ ohun tí mò ń wí. O ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Bó o bá fẹ́ pa ọ̀dà yàrá dà, àfi kó o lọ kúnlẹ̀ fún onílé. Luke, Leia, Han, àwọn tó gba iwájú nínú fíìmù, ògiri onílé ni wọ́n. Corran Horn ni àga tí ayálégbé fi owó ara rẹ̀ rà wọlé. Ó lè gbé e sí kọ̀rọ̀ tó wù ú. Ó lè fi dáná bí òtútù bá mú un. Nítorí náà, bí ìbọn bá yọ sí Corran, ó yẹ kí àyà rẹ já.

Ẹ tún wo ọdún 1991. Fíìmù tó kẹ́yìn ti jáde láti 1983, ariwo ti rọlẹ̀ díẹ̀. Timothy Zahn wá kọ Heir to the Empire. Luke wà níbẹ̀, Leia wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ka ìwé yẹn léèrè ta ló ń rántí. Ọ̀gágun Thrawn ni, aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́yinjú pupa, tó jẹ́ pé kó tó gbógun ti ìran kan, á kọ́kọ́ jókòó ti àwòrán àti ère tí ìran náà ṣe, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Nínú fíìmù, ọ̀gá tí àwa mọ̀ ni èyí tó máa ń fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ wá ọ̀gágun tó ń fi ère mọ ọ̀tá rẹ̀ nínú fíìmù mẹ́ta yẹn, bẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ pè mí.

Òǹtàwé_Ìgboro

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fi sùn náà sọ̀rọ̀. Èmi ni Ààfáà tó tà á fún ọ, Ọmọ Tanke. Ìwọ lo ná mi bí ẹni ń ná àgbò Iléyá, tó o tún wá gbé mi wá síbí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ìwé tòkunbọ̀, n óò sọ ohun tí ojú mi rí. Èèpo ló ń ta ìwé lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ wo Star Trek, eré tẹlifíṣàn lórí ọkọ̀ tó ń rin ojú ọ̀run: bí ojú Spock, gbajúmọ̀ inú rẹ̀, bá wà lára ìwé, kì í pẹ́ lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ ojú tí wọn ò mọ̀ ni, mo lè máa gbé e wọlé gbé e jáde títí òjò á fi bá mi pín in. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti owó ọjọ́ kan, àwọn tí a ti mọ̀ ló ń mówó wá.

Ṣùgbọ́n ta ló ń padà wá? Ẹni tó ra ti Spock kì í padà wá béèrè ohun tó kù. Ó ti kà á tán, Spock ti padà sínú ọkọ̀, ó parí. Ẹni tó bá ra ìwé Peter David tí wọ́n ń pè ní New Frontier, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Mackenzie Calhoun, kò sí lórí tẹlifíṣàn rárá. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ la rí fìrí lórí tẹlifíṣàn, òǹkọ̀wé ló dá ìyókù sílẹ̀. Mo ní oníbàárà kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dàgbà dáadáa, tó máa ń dúró lórí mi láàárín oòrùn ọ̀sán: "Ààfáà, ìkẹta ti dé?" Kò béèrè Spock lọ́wọ́ mi rí.

Ìyá_Ayọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Láti Ọ̀mù-Àrán ni mo ti ń kà yín. N kì í ṣe ògbóǹkangí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi ló kó mi sí i.

Ọmọ ọdún 11 ni Ayọ̀. Ó wo àwọn fíìmù náà lórí fóònù bàbá rẹ̀ títí ó fi mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sórí. Mo ní kí n fi ìyẹn mú kó fẹ́ràn ìwé kíkà. Mo ra ọ̀kan fún un tí gbogbo àwọn inú rẹ̀ jẹ́ tuntun. Ó ka ojú ewé mẹ́ta, ó gbé e wá bá mi nínú kíṣìnnì, ó ní, "Mọ́mì, ta lẹ ní kí n fẹ́ràn níbí?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Nígbà tó yá mo rí i pé ọ̀rọ̀ ló sọ. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Bó bá jẹ́ Luke, ó ti mọ ojú rẹ̀, ó ti mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn àti ẹni tí kò fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e nínú gbólóhùn, ojú Luke á bá a tú u. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ àjèjì, tí èdè jẹ́ àjèjì, tí ìlú tí wọ́n ń lọ náà wà lójú ọ̀run, kí lọmọ á wá dì mú? Ẹ̀yin àgbàlagbà lẹ fẹ́ kí àyà yín máa já. Ọmọ tèmi ń wá ẹni tó mọ̀ láàárín èrò.

Ọmọ_Tanke

Ẹ ṣeun, Ìyá Ayọ̀. Ẹ ti gbà mí.

Bàbá_Adétà

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọmọ mi ló ṣí ojú òpó yìí fún mi.

Ìjàkadì Ọ̀fà, mo gbádùn ọ̀rọ̀ ayálégbé yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá ọ jà níbì kan. O ní ẹni tí kò lè kú kò lè dùn ún kà. Ìjàpá ńkọ́? Lálẹ́ òní, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá-yángá. Lálẹ́ ọ̀la, ó ti gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé àna. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tí ẹ̀yìn náà jinná. Kò sí ọmọ tó ń bẹ̀rù pé Ìjàpá á kú lálẹ́ yẹn. Síbẹ̀ a ò ní sùn. Ohun tá a ń dúró dè ni irú ìtìjú tó máa gbé bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé ọ̀kánjúà rẹ̀ á mú un, a fẹ́ mọ ọ̀nà tó máa gbà mú un ni.

Ẹ tún wo àwọn tó yí i ká. Ọba inú ìtàn, tuntun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àgbẹ̀ tó ní oko iṣu, tuntun. Wọ́n wọlé, Ìjàpá tàn wọ́n jẹ, wọ́n bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máà sí. Nítorí náà, lójú tèmi o, àìkú Luke kọ́ ló ba ìwé jẹ́. Àwọn tó ń kọ ọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó ṣìwà hù. Ẹni tí kò lè kú, ẹ jẹ́ kó tẹ́.

Ẹṣin_Leégún

"Ẹni tí kò lè kú, ẹ jẹ́ kó tẹ́." Bàbá, mo ti gbé e sórí status mi.

Ìjàkadì_Ọ̀fà

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ gbá mi mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró.

Ìjàpá kò ní onílé. Ìyá mi ní Ọ̀fà lè fọ́ ọ lẹ́yìn, kò sí lọ́yà tó máa kọ ìwé sí i. Bí ìtàn ìyá mi bá ta ko ti ìyá yín, kò séwu. Ti àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwé Star Wars tó kọ́kọ́ jáde tí kì í ṣe ìtàn inú fíìmù fúnra rẹ̀, Splinter of the Mind's Eye, Alan Dean Foster, 1978. Ọdún kan péré lẹ́yìn fíìmù àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó kọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n á fi lè sọ ọ́ di fíìmù olówó pọ́ọ́kú, bí ti àkọ́kọ́ kò bá tà tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó ìtàn lọ sínú ayé kan tí kùrukùru bò, kí wọ́n máà ná owó jù lórí ohun tójú ń rí. Han Solo kò sí níbẹ̀, torí ẹni tó ṣe Han kò tíì fọwọ́ sí ìwé fún fíìmù kejì. Luke àti Leia ló kù.

Foster sì ṣe ohun tí òǹkọ̀wé èyíkéyìí máa ṣe. Ó jẹ́ kí Luke máa wo Leia bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin tó wù ú. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó di 1983, fíìmù kẹta gbé e jáde pé ìbejì ni wọ́n, ìyá kan náà, bàbá kan náà.

Ẹṣin_Leégún

Yéèpà. Ìyá Ayọ̀, ẹ má ra ìyẹn.

Ìyá_Ayọ̀

Mo ti ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi tí mo kọ ọ́ sí.

Ọmọ_Tanke

Ẹ̀gbọ́n Ìjàkadì, ẹ ní àwọn tí a mọ̀ kò lè kú. Chewbacca, ọ̀rẹ́ Han tí irun bò, ńkọ́? Mo kà á níbì kan pé wọ́n pa á nínú ìwé.

Ìjàkadì_Ọ̀fà

Wọ́n pa á. Vector Prime, R.A. Salvatore, 1999. Òṣùpá ló já lu ayé tó wà lórí rẹ̀, wọn ò sì gbé e jí. Onílé fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ẹ ò mọ̀ bí àwọn olólùfẹ́ ṣe sunkún tó. Ní oṣù kẹrin 2014 wọ́n kéde pé gbogbo ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn ti di Legends, ìyẹn ni pé ìtàn lásán ni, wọn kì í ṣe ara ìtàn gan-an mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, fíìmù tuntun jáde, Chewbacca jókòó sídìí ọkọ̀ bí ẹni pé òṣùpá kankan ò já.

Ẹ wá rí i pé Bàbá ló jàre. Ẹ̀yìn fọ́ lánàá, ó ti lọ sílé àna lónìí.

Àrẹ̀mú_Èsìẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì ń fa okùn kan náà, ẹ sì fi àárín sílẹ̀.

Bí ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa ní Èsìẹ́, ẹ óò rí àwọn ère òkúta, wọ́n lé ní 1,000. Torí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ mùsíọ́mù síbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òmíràn jókòó lórí àpótí, òmíràn di idà mú, irun orí wọn kò jọra. Ìtàn ìlú wa sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Orúkọ wọn kò sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá mú wa lọ wò wọ́n láti ilé ìwé, oníkálukú wa á mú ọ̀kan, á sì máa sọ ohun tó ṣe é. Tèmi ni obìnrin kan tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí wọ́n ji nǹkan rẹ̀ kó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ìwé wọ̀nyí nìyẹn. N kò wá Luke, n kò sì wá ẹni tí n kò rí rí. Ẹni tí mo rí fìrí ni mo ń wá. Ẹ rántí ilé ọtí inú fíìmù àkọ́kọ́, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀dá kún fọ́fọ́. Ní 1995 wọ́n kó ìtàn jọ lórí àwọn tó jókòó síbẹ̀, Tales from the Mos Eisley Cantina. Àwọn olórin ní tiwọn, ẹni tó ń bu ọtí ní tirẹ̀. Ojú tí mo ti rí ni, n kò kàn mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ọmọ Tanke, Wedge tó o ní ó ń fò kọjá yẹn, irú wọn ni. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ ló sọ ọ́ di èèyàn.

Ti Sulu inú Star Trek ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láti 1966 ló ti wà lórí tẹlifíṣàn, tó ń wa ọkọ̀ kiri ojú ọ̀run, kò ní orúkọ àbísọ. Vonda McIntyre ló sọ ọ́ ní Hikaru nínú ìwé The Entropy Effect ní 1981. Ó di 1991 kí orúkọ náà tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú fíìmù. Ọdún mẹ́wàá! Àwa tá à ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ.

Òǹtàwé_Ìgboro

Àrẹ̀mú, ìwé ilé ọtí yẹn wà lọ́dọ̀ mi rí. Ìyá Ayọ̀, n óò bá yín wá a. Ìtàn kéékèèké ni, ọmọ lè mú ọ̀kan lálẹ́ kan.

Ìyá_Ayọ̀

Ilé ọtí kẹ̀? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á fúnra mi.

Àdùkẹ́_Ìgbàjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, dátà mi fẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi.

Gbogbo yín ń yin ẹ̀dá-ìtàn tuntun, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa ń bàjẹ́. Mo ti bà á jẹ́ rí. Lásìkò ìsémọ́lé Kòrónà, mo kọ ìtàn Star Trek tèmi. Mo fi ọmọbìnrin Ìgbómìnà kan sínú ọkọ̀ wọn. Ọmọ ọdún 19 ni, ó gbọ́ èdè 12, ó ń wa ọkọ̀, ó mọ egbòogi tí dókítà ọkọ̀ kò mọ̀, bó ṣe di ojú ewé kẹrin Spock ti rẹ́rìn-ín sí i. Spock tí kì í rẹ́rìn-ín! Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Àdùkẹ́, gèlè rẹ nìkan ló kù kí wọ́n wé fún un."

Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé àìsàn náà ní orúkọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ní 1973 obìnrin kan tó ń jẹ́ Paula Smith kọ ìtàn kékeré kan sínú ìwé ìròyìn tí àwọn olólùfẹ́ Star Trek ń ṣe fúnra wọn, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ irú ìtàn tí mo kọ. Ó pe ọmọbìnrin inú rẹ̀ ní Mary Sue, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ tó ti di ọ̀gá ológun. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ẹ̀dá-ìtàn tí kò ní àbùkù, tí gbogbo àwọn tí a mọ̀ kàn ń júbà, ní Mary Sue. Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ tuntun lo ṣe máa kórìíra rẹ̀. Ó gba àga Spock, kò sì san nǹkan kan.

Mo tún ìtàn mi kọ. Nínú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ọmọ náà gbọ́ èdè méjì, Spock kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti ṣìnà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè ohun tó kù.

Ìjàkadì, ọ̀rọ̀ ayálégbé rẹ, o ò sọ ọ́ tán. O ní àga tí ayálégbé rà, tirẹ̀ ni. Níbo? Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, bí ayálégbé bá ń kó lọ, onílé ló ni àga. Nínú ìwé 1991 kan náà tó o fi ń yangàn ni Mara Jade ti jáde. Ó búra pé òun á pa Luke, nígbà tó yá ó di ìyàwó rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn ju Leia lọ, ẹ máà bínú. Wọ́n pa á nínú ìwé kan ní 2007. Kí a tó sunkún tán, 2014 dé, wọ́n ní kò tilẹ̀ wáyé rí. Ó dáa, wọ́n kó gbogbo wọn dà nù pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016 wọ́n mú Thrawn padà wá sínú eré àwòrán orí tẹlifíṣàn. Ní 2017 Zahn tún kọ ìwé tuntun lé e lórí. Ní 2023 Lars Mikkelsen kun ojú ní búlúù, ó ṣe é lójú wa kòrókòró. Mara ńkọ́? Onílé gbé àga kan padà sí pálọ̀, ó fi èkejì sílẹ̀ fún òjò lẹ́yìnkùlé.

Ìjàkadì_Ọ̀fà

Àdùkẹ́, o dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà kì í sábà sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa fi kún un. Àwọn ayálégbé kan wà tí wọ́n kó àga wọn jáde. Doctor Who, eré àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Doctor, kúrò lórí tẹlifíṣàn ní 1989. Láti 1991, ilé ìtẹ̀wé Virgin ló ń bá ìtàn náà lọ nínú ìwé. Ní 1992 Paul Cornell dá obìnrin kan sílẹ̀ níbẹ̀, Bernice Summerfield, tó máa ń wú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ilẹ̀, tó sì fẹ́ràn ọtí díẹ̀. Nígbà tí Virgin kò ní àṣẹ láti lo Doctor mọ́ ní 1997, wọn ò pa ìwé tì. Bernice ni wọ́n ń kọ, láìsí Doctor. Láti 1998 ló ti ní eré tirẹ̀ tí a ń fi etí gbọ́. Ìyẹn ló wù mí fún Mara Jade.

Àdùkẹ́_Ìgbàjà

Ó wu èmi náà. Dátà tán o, ó di alẹ́.

Bàbá_Adétà

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ Mara yìí mú mi rántí nǹkan.

Ìyá mi ló máa ń pàlọ́ fún wa nínú àgbàlá wa ní Adétà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó fi ọmọbìnrin kan sínú ìtàn Ìjàpá, ọmọ òrukàn tó ń kiri wàrà. Ọmọ náà ló wá gbọ́n ju Ìjàpá lọ. Ó ta wàrà àwìn fún un, ó tẹ̀ lé e délé, ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Yánníbo. A rẹ́rìn-ín títí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì a ní kó sọ ti oníwàrà. Ó ní oníwàrà wo? Ó ti gbàgbé. A kọ orin tó fi sí i lẹ́nu fún un, kò rántí. Ìjàpá ló pa fún wa, ó dùn, a sì sùn.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìtàn Ìjàpá tó pa fún wa lálẹ́ kejì yẹn, n kò rántí èyí tó jẹ́. Oníwàrà yẹn, mo ṣì lè kọ orin rẹ̀.

Àrẹ̀mú_Èsìẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin náà síbí.

Bàbá_Adétà

Kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ní òun á ká ohùn mi sílẹ̀ bó bá dé láti ilé ìwé.

Ìyá_Ayọ̀

Ẹ máà gbàgbé o, Bàbá. Màá gbé e fún Ayọ̀ gbọ́.

Ọmọ_Tanke

Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà Òǹtàwé, ẹ wà níbẹ̀?

Òǹtàwé_Ìgboro

Mo wà. Bó o bá fẹ́ dá ìwé padà, n kì í gbà á padà o.

Ọmọ_Tanke

N kò fẹ́ dá a padà. Mo kà á tán ní aago méjì òru. Ṣé ìkejì wà?

Òǹtàwé_Ìgboro

Ó wà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. ₦1,500.

Ọmọ_Tanke

Ẹ bá mi dì í mú. Mo ń bọ̀ kó tó di Ìrọ̀lẹ́.

Ẹṣin_Leégún

Àbúrò ìyàwó.